Ìlédìí Lórí Okùn Àlàájà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe di ọkùnrin tó ń fọ ìlédìí lójú gbogbo ayé, kó fa àga sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Tẹ́lọ̀ ni mí. Ọmọ Kétu sì ni mí, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé, tí olùkọ́ sì ń fi Faransé bú ni ní ilé-ìwé. Èmi àti Àṣàkẹ́ ìyàwó mi la jọ kó wá sí Mowé. Ìrìn àjò náà kò ní ìtàn nínú: ọkọ̀ gbé wa, ọkọ̀ sọ̀ wá kalẹ̀. Ibi tó sọ̀ wá kalẹ̀ sí ni ìtàn wà.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe òkèèrè ni mò ń lọ. Ṣebí Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá lèmi náà. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lotto, létí títì márosẹ̀, obìnrin kan wọlé tòun ti gáùn lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀dá tẹ́lọ̀, ẹ bá mi silíìmù gáùn yìí, kó fíìtì mi dáadáa, ṣùgbọ́n kó má táìtì jù o."

Mo dúró, mò ń wo ẹnu rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó sọ, "ẹ bá mi" àti "gáùn yìí" nìkan ló yé mi. Mo ṣáà na tépù mi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye rẹ̀ sókè ní Faransé bí mo ṣe máa ń kà á nílé, tíràǹtì-sísì, tíràǹtì-sẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó pariwo sí àwọn tó wà lóde. "Yéè! Ẹ wá gbọ́ o! Àgànyìn ni tẹ́lọ̀ yìí!"

Àgànyìn kẹ̀! Èmi ọmọ Alákétu! Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Tẹ́lọ̀ Àgànyìn. Mo délé, mo ro ẹjọ́ fún Àṣàkẹ́, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn gba gáùn rẹ̀?" Mo ní ó gbà á. "Ṣé ó fíìtì í?" Mo ní ó fíìtì í. Ó ní, "Kí ló wá kù?"

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ Yorùbá Mowé bí ẹni kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn èèyàn bá ń wọ́ lọ sí Redemption Camp fún àdúrà oṣooṣù, títì á dí pa, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá á máa ya sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú sípì tó já àti sòkòtò tó ya nínú ọkọ̀. Nígbà kan, bàbá kan jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì mi láìwọ sòkòtò, ó ń súre fún mi títí mo fi rán an tán. Ó ní n ò ní í rí ìtìjú láyé. Mo ṣe àmín tó ròkè. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń kọrin lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ilé tí mò ń lọ yẹn, ó dákẹ́. Èyí ni wọn ò sọ fún wa ní Kétu. Ilé oníyàrá ojúkojú la gbà, a rò pé ariwo ni yóò lé wa jáde níbẹ̀. Àṣé kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, gbogbo àwọn ayálégbé ti gba ọ̀nà Èkó lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé, oorun ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Àwọn àgbà máa ń wí pé ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ní Mowé, igba ojú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ Èkó ni gbogbo wọn wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ìyá onílé wa. Àlàájà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, onílẹ̀ gan-an, àwọn baba rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀ kí títì márosẹ̀ tó dé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́tótó rẹ̀ sì ń bani lẹ́rù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbálẹ̀ ibi tó ti ń kírun, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbá a. Okùn ìsáṣọ tirẹ̀ wà níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Tiwa ayálégbé wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi fúrúùtù, níbi tí aṣọ ti ń gbẹ nígbà tó bá wù ú. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Àlàájà. Á ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó tán.

Inú ilé yìí la bí Ìbùkún sí.

Nílé, bí obìnrin bá bímọ, ìyá àgbà á wá bá wọn wẹ ọmọ. Kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ ti kú. Ìyá tèmi wà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Inú fóònù ló ti bá wa wẹ ọmọ. Èmi ni mo máa ń di fóònù mú, Àṣàkẹ́ á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé e, ìyá mi á sì máa pariwo láti Kétu.

"Rọra! Má fún ọmọ mi lọ́rùn o!"

"Màámi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń wò yẹn."

"Ẹsẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ ló sanra tó báyìí? Olúwa ṣeun o! Ìwọ, gbé fóònù sókè kí n rí ojú rẹ̀."

A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi ìwẹ̀ á fi tutù. Bí mo bá ti pa fóònù tán ni ilé á tún padà dákẹ́, Àṣàkẹ́ á sì kọjú sí ògiri. Èmi náà á wá nǹkan ṣe.

Àwọn ará ìjọ tí a ń bá jọ́sìn kó dáyápà wá fún wa, àpò lórí àpò. Inú wa dùn gan-an. Bí a bá lò ó tán, mo máa ń kó o sórí pàǹtírí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí gbogbo ilé ti ń sun ìdọ̀tí, mo sì ń ṣáná sí i. Kò pẹ́, ìdí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń bó. Bí a bá ti fẹ́ nù ún, ẹkún rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan. Mo pe ìyá mi.

"Kí lẹ̀ ń dè mọ́ ọn nídìí?"

"Dáyápà ni, Màámi."

"Níbo lẹ̀ ń dà á sí tẹ́ ẹ bá lò ó tán?"

"À ń sun ún ni."

Ariwo tí ìyá mi pa, mo gbé fóònù jìnnà sétí. "Ẹ̀ ń sun ìgbẹ́ ọmọ níná! Ẹ gbà mí o! Ta ló ń sun ìgbẹ́ ọmọ tí ìdí ọmọ ò ní í ta á? Ṣé ohun tí mo kọ́ ẹ nìyẹn?"

A gbé ọmọ lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ooru ni, pé awọ ara ọmọ yìí kò gba ohun onírọ́bà, pé kí a máa jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i nídìí, kí a fi aṣọ òwú dì í. Ìyá mi ní iná ni, nọ́ọ̀sì ní ooru ni. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wá, ìdí ọmọ mi ni wọ́n ti pàdé. Èmi kò bá ẹnì kankan jiyàn. Lọ́jọ́ ọjà Ìfọ̀, mo wọkọ̀, mo lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà Ìfọ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí èèyàn wá débẹ̀ tí kò ní í rí. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìríkà, mo ń fọwọ́ pa bẹ́díṣíìtì òwú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá ó rọ̀. Ìyá tó ń tà á wò mí títí, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ fẹ́ ra aṣọ ni àbí ẹ fẹ́ sùn?" Mo ní ìlédìí ọmọ mi ni mo fẹ́ fi rán. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Baba ọmọ ló wá ra ìlédìí? Ẹ gba èyí sí i, ẹ̀bùn ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Mo rán ìlédìí yẹn bí ẹni rán aṣọ ọba. Mo kó aṣọ léra láàárín, níbi tí ìtọ̀ ń bọ́ sí jù, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. A kì í wọ pátá rọ́bà lé e lókè, àfi tí a bá fẹ́ gbé e jáde, kí ìtọ̀ má baà kan aṣọ ẹni. Nígbà tí mo de àkọ́kọ́ mọ́ Ìbùkún, tí mo fi pínnì há a, ó ju ẹsẹ̀ sókè, ó ń ṣe hẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìdí rẹ̀ ti ń dán. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìdí ọmọ sí fóònù kí ìyá mi lè rí i, ìyá mi sì ń jó lórí ìjókòó.

Ohun kan tún wà. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Lotto, gọ́tà kún, omi wọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti jù sínú rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Dáyápà ló pọ̀ jù. Wọ́n ti wú bí búrẹ́dì inú tíì, wọ́n to ara wọn síbi àbáwọlé, àwọn oníbàárà ń fò wọ́n kọjá. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo kó wọn, mo ń bínú, mo sì ń rẹ́rìn-ín, torí ta ni mo fẹ́ bú? Èmi náà ti ń da tèmi sórí pàǹtírí rí. Mo sọ fún Àṣàkẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ohun tí ọmọ wa bá fi ìdí ṣe, ìdílé wa ni yóò máa fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ìdílé wo? Ìwọ ni wàá fọ̀ ọ́." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Mo máa ń fọ ìlédìí ní kùtùkùtù, kí àwọn tó ń lọ Èkó tó jáde tán. Ìdí kànga ni wọ́n ti ń bá mi. Màmá Tóbi, tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé báàgì kọ́pá, ó dúró.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fún yín jẹ?"

"Ẹ̀bà ni," ni mo dá a lóhùn.

"Ẹ bá mi béèrè irú gàárì tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ Àṣàkẹ́. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ọkọ mi."

Gbogbo ìdí kànga bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo wá rántí pé kò pè mí ní Àgànyìn.

Àṣé wàhálà gidi kò tíì dé. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàfò ni Àṣàkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Òun tó jẹ́ pé búrẹ́dì gígùn líle ti ọ̀dọ̀ wa ló mọ̀, ó ti di ọ̀gá nínú búrẹ́dì rírọ̀ tibí. Ìsinmi ìbímọ rẹ̀ ń parí lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pé bí kò bá wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, òun á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. A gbé ọmọ lọ sí kírẹ́ẹ̀ṣì. Ìyá tó ni ibẹ̀ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ń bá ọmọ ṣeré, títí ó fi fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

"Àh, nápíkìn ni? A kì í gba nápíkìn o, Ma. Ta ló fẹ́ máa fọ̀ ọ́? Dáyápà nìkan."

A lọ sí òmíràn, bákan náà. A tún gbìyànjú dáyápà fún ọjọ́ kan ṣoṣo, bóyá ara ọmọ ti le. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdí ti pọ́n. Àṣàkẹ́ fi òrí pa á, ó ń sunkún, ọmọ ń sunkún, èmi ń wo àwọn méjèèjì bí òpè.

Ìyá mi ló fọhùn. "Ẹ gbé e wá fún mi. Bó bá ti ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ó wá mú un. Ṣé èmi kọ́ ni mo tọ́ ìwọ ni?"

Kò sí ọ̀rọ̀ burúkú nínú ohun tó wí. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó wà nídálẹ̀ ló ń ṣe é. Wọ́n á rán ọmọ lọ sílé, wọ́n á máa rí i nínú fóònù, ọmọ á máa pe fóònù ní Dádì. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà. Mo rò ó títí, ọkàn mi bàjẹ́. Nítorí kí ni mo ṣe wá síbí? Ṣebí nítorí kí ọmọ mi lè rí ayé tó dára ni. Ayé wo ló wá dára tí ọmọ kò ti ní í mọ òórùn mi? Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ń bọ̀. A fi àdéhùn sí ọjọ́ Sátidé: èmi ni n ó gbé Ìbùkún lọ sí Kétu. Àṣàkẹ́ ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo fọ gbogbo ìlédìí tó wà nílé kí wọ́n lè gbẹ kí a tó lọ. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, okùn ẹ̀yìnkùlé ń kán tótó. Ìwájú ilé, oòrùn dé. Àlàájà ti lọ sí Òwódé Ẹ̀gbá, ìpàdé ẹbí wọn, mo sì mọ̀ pé ìpàdé ẹbí kì í tètè parí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kó ìlédìí sórí okùn Àlàájà. Aṣọ funfun kan ló wà ní ìkángun rẹ̀. Mo fi àyè ńlá sílẹ̀ láàárín.

Àyè tí mo fi sílẹ̀, atẹ́gùn kò mọ̀ ọ́n. Ìpàdé ẹbí Àlàájà náà kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé, mo jáde, mo rí ìlédìí kan tó ti fò lọ bo aṣọ funfun yẹn, ó tẹ́ sórí rẹ̀ pẹrẹsẹ.

"Sùbùhánálláì! Ta ló gbé èyí sórí aṣọ ìkírun mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Èmi ni, Màámi. Ẹ fi orí jì mí."

"Ìlédìí! Lórí aṣọ tí mo fi ń kí Ọlọ́run Ọba! O ò mọ̀ pé nájísì ni ìtọ̀? Bí ẹ̀kán kan bá kan aṣọ, ìrun inú aṣọ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn!"

"Ó mọ́, Màámi. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ ni."

"Ìwọ ọkùnrin? O fọ kí ni?" Ó bọ́ bàtà, ó fa àpótí kan jókòó. "Dìde. Lọ mú ọ̀kan tó ní ìdọ̀tí wá, kó o fọ̀ ọ́ lójú mi."

Àṣàkẹ́ gbé ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo mú ìlédìí wá. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Mo gbọn ìgbẹ́ dànù sí ṣáláńgá. Mo gbé ìlédìí sókè, mo ń da omi lé e lórí láti òkè kó máa ṣàn lọ, n kò jẹ́ kó jókòó sínú omi ìdọ̀tí, títí omi tó ń kán nísàlẹ̀ fi mọ́ bí èyí tí mò ń dà. Lẹ́yìn náà ni mo tó ti ọṣẹ bọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo ṣan án nínú omi tuntun, mo da omi nù, mo tún pọn òmíràn, mo tún ṣan án, mo tún pọn òmíràn. Mo ní, "Màámi, bí oòrùn bá kéré, mo máa ń sè é lórí iná."

Àlàájà na ọwọ́. Ó gba ìlédìí, ó gbé e sí imú, ó fa òórùn rẹ̀ dáadáa.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa da omi látòkè?"

"Ìyá mi ni. Inú fóònù ló ti kọ́ mi."

"Pè é."

Mo pe ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ìyá mi kì í gba kí wọ́n bú ọmọ òun. Mo ní ìyá onílé wa fẹ́ kí wọn. Ni àwọn àgbàlagbà méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìríra. Kétu ni ìyá mi ń sọ, Ẹ̀gbá ni Àlàájà ń sọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí lẹ wí nínú wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi ń pa á. Àlàájà ní kò sí ìyàwó ilé lóde òní tó mọ ìlédìí í fọ̀ mọ́, pé ẹni tó bí ọmọkùnrin yìí bí èèyàn. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí.

Ìyá mi ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájà, tẹ́ ẹ bá mi wo àwọn ọmọ yìí. Ní Sátidé yìí, wọ́n á gbé Ìbùkún mi wá fún mi."

Àlàájà yíjú sí mi. "Gbé e lọ síbo?"

Mo ṣàlàyé. Iṣẹ́ Ìbàfò, kírẹ́ẹ̀ṣì, dáyápà, ìdí ọmọ, gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń le sí i, mo sì mọ̀ pé a ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tó ju ti orí okùn lọ.

"Èmi jókòó sínú ilé yìí látàárọ̀ dalẹ́, ògiri ni mò ń wò. Àwọn ọmọ ọmọ mi wà nílùú òyìnbó, inú gíláàsì fóònù ni mo ti ń fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀yin wá ń gbé ọmọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ̀ ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn onígbowó?"

Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ̀rù ló ń bà wá, Màámi. A ò mọ̀ pé a lè bẹ̀ yín."

"Ẹ ò béèrè! Ẹ dákẹ́! Ẹ ò béèrè ni!" Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé ọmọ yẹn fún mi."

Ìyá mi ṣì wà lórí fóònù. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbá yàrá, pé ó ti ra ẹní kékeré, pé ó ti sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òun ń bọ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Àlàájà," ló wá wí, "Ìbùkún kì í fẹ́ kí wọ́n fi omi tutù wẹ òun o. Tẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹ fi orí rẹ̀ sí apá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ti máa ń tètè sùn."

"Mo gbọ́, àbúrò mi," ni Àlàájà dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni n ó máa pè yín wá wò ó."

Ó wọlé lọ tòun ti ọmọ, ó sì jáde pẹ̀lú ìró kan tó ti gbó, ó ti ṣá, ó rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀. Ó ní òun fi pọn àwọn ọmọ òun títí wọ́n fi dàgbà. Kí n tó lè sọ pé kí wọ́n má ṣe é, ó ti fi eyín já etí rẹ̀, ó fà á ya, fàà. Ó ju abala kan sí mi.

"Lọ fi rán ìlédìí sí i. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òun náà á wá bá wa pín nínú tiwa." Ó tún nàka sí mi. "Pátá rọ́bà tẹ́ ẹ ń wọ̀ lé e lókè yẹn, n ò fẹ́ rí i lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí ìdí ọmọ mí."

Àṣàkẹ́ ti dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ Sátidé, dípò kí n wọkọ̀ lọ Kétu, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà, mo ń rán àkísà Àlàájà. Màmá Tóbi yọjú láìlọ sí Èkó, ó ju àlòkù bùbá kan sórí tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ fi èyí kún un. Àbí tèmi ò gbó tó ni?"

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ ìlú ẹni àti ìlú onílùú láti ìgbà náà. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí mo bá kọ́lé, tàbí ọjọ́ tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí wọn, ni n ó tó di ará ibẹ̀. Mo ṣì ń ka tépù ní Faransé títí di òní. Kò sẹ́ni tó tún bi mí mọ́ pé ará ibo ni mí.

Mọ́ńdè dé. Àṣàkẹ́ gbé ọmọ fún Àlàájà, ó gba ọ̀nà Ìbàfò lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn títí ó fi wọkọ̀. Èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán apá sí ibi tó yẹ kí n rán ọrùn. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sáré wálé wá wò wọ́n.

Mo bá Àlàájà níwájú ilé. Ó ti ṣe àlùwàlá tán, ó ti tẹ́ ẹní ìrun Àlàásárì, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbùkún wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi orí sí apá ọ̀tún, ojú rẹ̀ là kedere. Àlàájà fẹ́ tú ọ̀já kó gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ìdí ọ̀já dúdú díẹ̀díẹ̀, tí omi là á já, tó ń ṣàn lọ sára aṣọ funfun yẹn, lọ sí ìró, lọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀.

Mo wólẹ̀ síbi tí mo dúró sí. "Màámi, ẹ má bínú! Pátá rọ́bà tẹ́ ẹ ní ká má wọ̀ fún un yẹn..."

"Ṣíọ̀! Dákẹ́, má dẹ́rù bà á. Jẹ́ kó tọ̀ tán."

Kò mira. Ó dúró gangan bí ẹni dúró níwájú Ọlọ́run, títí ọmọ fi tọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

"Pọnmi wá, kí n wẹ̀, kí n tún àlùwàlá ṣe," ló wí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó rọra ń lu ọmọ nídìí. "Láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn mi ti ń rìn, kò sẹ́ni tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn mọ́."